Bí a ṣe lè gba òbí wa tó ti dàgbà lọ́wọ́ ìṣubú: ìtọ́sọ́nà fún ọmọ tó ń tọ́jú wọn nílé

Màmá mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà bàlúwẹ̀ lóru ọjọ́ kan tí iná ò sí. Eegun kankan ò kán, a dúpẹ́, àmọ́ ìbàdí wọn wú, wọn ò sì lè fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹni tó wá kí wa ń sọ: "Àgbà ti dé ni, ẹ máa ṣọ́ wọn." A sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn lóòótọ́. Ọmọ kan ń gbé omi ìwẹ̀, òmíràn ń gbé oúnjẹ wá bá wọn, èmi fúnra mi ra àga onítìmùtìmù kan tó rì mọ́lẹ̀ dáadáa pé kí wọ́n máa sinmi sórí ẹ̀. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, wọn ò lè dìde lórí àga náà mọ́ àfi kí ẹnì kan fà wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Obìnrin tó ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá ní ọsibítù, àwọn tí à ń pè ní físíò, ló bi mí pé, "Kí ni iṣẹ́ màmá nínú ilé yín?" Mo ní wọn kì í ṣe nǹkan kan mọ́ o, a ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ pàápàá. Mo fi ń yangàn ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ò wá rí i."

A máa ń sọ ọ́ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Àmọ́ òwe náà ò ní kí a dè òkété mọ́lẹ̀. Ìsinmi tí a fi ń bọ̀wọ̀ fún àwọn òbí wa yìí gan-an ló ń jẹ itan wọn tán, itan ló sì ń gbé èèyàn dúró. Dókítà kọ́ ni mí. Ohun tí mo kọ síbí ni mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń tọ́jú màmá mi, tí mo sì rí nínú ìwádìí tí mo lọ kà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ara wọn dé

Gbogbo àgbà kọ́ ló di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹni ọgọ́rin ọdún wà tó ṣì ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ́jà, ẹni tí kò tíì pé àádọ́rin wà tí atẹ́gùn lásán fẹ́ẹ́ gbé lọ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́. Ní 2001, Linda Fried àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ àgbà 5,317 wò, àwọn tó ti pé 65 sókè, wọ́n sì to àmì márùn-ún kalẹ̀ tí a fi ń mọ ara tó ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ: kí èèyàn máa rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù (bíi kílò 4.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọdún kan), kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ rẹ̀ má lágbára mọ́, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú wọn ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan tàbí méjì wà lójú ọ̀nà ni, ó sì lè yí padà.

Ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti fura. Ẹ wo ìró wọn: ṣé ó ti ń yí ìdí wọn ká ju bó ṣe máa ń yí i ká lọ? Ṣé òrùka ń bọ́ lọ́wọ́? Ṣé wọ́n ṣì lè fún tówẹ̀lì tó tutù kí omi jáde, àbí wọ́n máa ń gbé ìdérí ìgò fún ọmọdé pé kó bá àwọn ṣí i? Bí ẹ bá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí, ṣé ẹ̀yin lẹ ń dúró dè wọ́n báyìí?

Àwọn àmì yìí kì í dá wá. Ẹni tí kò jẹun kánú, ẹran ara itan rẹ̀ á máa dínkù. Bí itan bá dínkù, ìrìn á máa rẹ̀ ẹ́, á jókòó. Ẹni tó bá jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ebi kì í pa á. Ó ń yí po ni. Níbikíbi tí ẹ bá ti já a, ẹ ti ràn wọ́n lọ́wọ́.

2. Ẹ béèrè ìṣubú tó ti kọjá, àmọ́ ẹ fọgbọ́n béèrè

Ẹ má bi àgbà pé, "Ṣé ẹ ti ṣubú rí?" Àdúrà ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn: "A ò ní ṣubú o!" Ọ̀rọ̀ náà wúwo létí wa. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹsẹ̀ ti yọ̀ wọ́n, bóyá wọ́n ti fẹsẹ̀ kọ, bóyá ilẹ̀ ti gbá wọn mú lójijì látìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà tí wọ́n fi ń fi í pa mọ́: wọ́n ń bẹ̀rù pé ọmọ á ní kí wọ́n kó kúrò nílé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́, kí wọ́n wá máa gbé nínú fúláàtì kan l'Ékòó.

Ọmọdé ṣubú, ó wo iwájú. Àgbà ṣubú, ó wo ẹ̀yìn. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn, kí ẹ bá wọn wo ẹ̀yìn. Níbo ni? Aago mélòó? Kí ni wọ́n ń ṣe: ṣé wọ́n ń dìde ni, àbí wọ́n ń yí padà, àbí wọ́n ń sáré lọ tọ̀? Ṣé òòyì kọ́ wọn kó tó ṣẹlẹ̀? Ṣé wọ́n dá dìde? Ó pẹ́ tó wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn ìṣubú méjì, ẹ ó rí i pé ó ní ojú kan tó ń gbà. Tiwa, lóru ni méjèèjì, lọ́nà ilé ìtọ̀.

Bí wọ́n bá ní ayé ló tì wọ́n, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba àdúrà wọn, kí ẹ̀yin náà ká kápẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà kúrò.

Ẹ má rò pé ti yín nìkan ni o. Nínú ìwádìí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, nínú ẹni mẹ́ta tó ti kọjá 65, ẹnì kan máa ń ṣubú láàárín ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn tí ìṣubú ń pa lọ́dọọdún sí 684,000, ó sì ju ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn lọ tó wà nílẹ̀ àwọn tí kò lówó bíi tiwa. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọjọ́ ogbó ní 2003, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, wọ́n sì bá àwọn àgbà tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣubú wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀.

3. Ẹ dán ẹsẹ̀ wọn wò

Ìdánwò mẹ́ta ni, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ dúró tì wọ́n pẹ́kípẹ́kí.

Èkíní: ẹ gbé àga tó le, tó ga níwọ̀n, tì mọ́ ògiri. Ẹ wọn mítà mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n rìn dé ìlà bí wọ́n ṣe máa ń rìn, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n wá jókòó. Ẹ fi fóònù ka àkókò. Bó bá tó sẹ́kọ́ǹdì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ìṣubú wà níbẹ̀. Ẹ tún fojú sí bí wọ́n ṣe ń yí: ẹni tó ń tẹ ẹsẹ̀ kéékèèké mẹ́fà méje kó tó yí padà ti sọ nǹkan kan fún yín tí aago ò sọ.

Èkejì: lórí àga kan náà, kí wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, kí wọ́n máa dìde dúró kí wọ́n máa jókòó fún sẹ́kọ́ǹdì 30. Obìnrin tó wà láàárín 75 sí 79, tí kò bá pé 10, itan ti ń rẹ̀yìn. Ọkùnrin ọjọ́ orí kan náà, 11. Láàárín 80 sí 84, obìnrin 9, ọkùnrin 10. Ẹni tó bá ní láti fọwọ́ ti àga kó tó lè dìde, òdo ni ẹ ó kọ fún un, ẹ má ṣàánú.

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú ìkejì, kí gìgísẹ̀ ti iwájú kan ìka ẹsẹ̀ ti ẹ̀yìn, bí ẹni tó fẹ́ rìn lórí okùn. Tí wọn ò bá lè dúró bẹ́ẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdì 10, a jẹ́ pé ara ti ń mì.

4. Eré ìdárayá, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà

Bí ẹ bá máa ṣe ẹyọ kan péré nínú gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ ṣe èyí.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ṣé ara arúgbó ṣì lè ní agbára ni? Ní 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston kó ẹni mẹ́wàá jọ nínú ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ orí wọn ń lọ bí 90, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé ẹrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára itan àwọn tó parí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ìlú Dunedin ní New Zealand, John Campbell àti Clare Robertson ṣe ètò kan fáwọn obìnrin tó ti lé ní 80, tí wọ́n ń dá ṣe nínú ilé ara wọn lẹ́yìn tí físíò bá ti kọ́ wọn. Otago ni wọ́n ń pe ètò náà títí dòní, kò sì ní nǹkan kan tó ju kí a mú ẹsẹ̀ le, kí a kọ́ ara láti má mì, kí a sì máa rìn. Àwọn tó ṣe é ṣubú kéré sí àwọn tí kò ṣe é. Nígbà tí àwọn oníwàádìí kó ìwádìí 108 jọ ní 2019, tó ní èèyàn tó lé ní 23,000 nínú, wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń dín iye ìṣubú kù ní nǹkan bí 23 nínú 100. Èmi ò mọ oògùn kan lórí káńtà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí àyà bá ń dùn wọ́n, bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí tí wọ́n ti ní rọpárọsẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ rí wọn. Lẹ́yìn náà:

Ìdìde àti ìjókòó. Àga tó le, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sinmi, márùn-ún mìíràn. Bí wọ́n bá ń fọwọ́ tì í níbẹ̀rẹ̀, kò burú, kí wọ́n máa dín ọwọ́ náà kù. Kí wọ́n rọra jókòó o. Kí wọ́n má kàn já ara sílẹ̀ gbì, nítorí ìjókòó pẹ̀lẹ́ yẹn ló ń kọ́ itan jù.

Gígòkè lórí ìka ẹsẹ̀. Kí wọ́n di etí síńkì tàbí irin ojú fèrèsé mú, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ sókè, kí wọ́n rọra sọ̀ ọ́. Mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ láì tẹ orúnkún, mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìdúró bí ẹni wà lórí okùn, èyí tí ẹ ti fi dán wọn wò lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di nǹkan mú níbẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá yá ọwọ́ kan, nígbà tó bá tún yá ìka méjì péré. Tó bá ti rọrùn jù, kò kọ́ wọn ní nǹkan kan mọ́ nìyẹn. Ó yẹ kó máa ṣòro díẹ̀, àmọ́ kí ohun tí wọ́n lè dì mú wà nítòsí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìdajì wákàtí pẹ̀lú ìsinmi. Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, físíò lè ní kí ẹ rọ ìrẹsì ìlàjì kílò sínú àpò kékeré, kí ẹ so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ìrìn dára, àmọ́ ìrìn nìkan ò tó. Mo rí àwọn bàbá kan tó ń rìn yí àdúgbò ká láràárọ̀ tí wọn ò lè dìde lórí àpótí.

Àpótí! Ẹ rántí pé àwọn ìyá wa lo ọdún mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n ọdún, lórí àpótí ìdáná, wọ́n ń dìde, wọ́n ń jókòó, ogójì ìgbà lójúmọ́. Ìdárayá itan ni, a ò kàn mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tí a ra kúkà onígáàsì fún wọn tí a sì gba síbí lọ́wọ́ wọn la gbà á lọ. Mi ò ní kí ẹ dá wọn padà sídìí igi ìdáná. Ẹ wá iṣẹ́ tí wọ́n á máa tìtorí rẹ̀ dìde: kí wọ́n dúró gé ẹ̀fọ́, kí wọ́n ká aṣọ tó gbẹ, kí wọ́n bomi rin òdòdó, kí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn lọ mú omi mímu. Iṣẹ́ tó ń mú wọn tẹ̀ ba fún ìgbà pípẹ́, bíi gbígbálẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú, ni kí ẹ yọ kúrò, nítorí òòyì tó máa ń kọ́ni téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nàró. Bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ṣì lè kí ìrun lórí ìdúró, ẹ má yára gbé àga fún wọn.

5. Ẹ da gbogbo oògùn wọn sórí tábìlì

Gbogbo ẹ̀ ni mo wí: ti dókítà, ti kẹ́míìsì, ti aládùúgbò tó ní "èyí bá mi lára mu," àti àgbo inú ìgò tí wọ́n fi ọtí rẹ. Tiwa pé mọ́kànlá. Oríṣi méjì nínú wọn jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà tí orúkọ ara páálí wọn yàtọ̀ síra, ọsibítù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fún wọn.

Àwọn tó yẹ kí ẹ fojú sí jù ni oògùn oorun bíi Valium àti Lexotan, oògùn tó ń tu ọkàn lára, Piriton àti omi oògùn ikọ́ tó ń kunni lóorun, oògùn tó ń mú ni tọ̀, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá pọ̀ jù. Ní New Zealand kan náà, ní 1999, Campbell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rọra gba oògùn oorun àti irú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà kan, ìṣubú wọn sì fi ìdá méjì nínú mẹ́ta dínkù. Àmọ́ bí ìwádìí náà ṣe parí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sídìí rẹ̀, èyí tó jẹ́ kí n mọ̀ pé kò rọrùn. Ẹ má já a gbà lójijì, ó léwu. Dókítà ló máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ṣe èyí: kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n dìde dúró, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já wálẹ̀, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ohun tó ń fa òòyì àfẹ̀mọ́júmọ́ nìyẹn. Ẹ kọ nọ́ńbà náà lọ fún dókítà. Ẹ má dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra yín, rọpárọsẹ̀ burú ju òòyì lọ. Ní báyìí ná, kí wọ́n máa jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa mi ọrùn ẹsẹ̀, kí wọ́n ka oókan dé ogún kí wọ́n tó dìde.

Mary Tinetti ní Yale ló fi hàn ní 1994 pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a mú gbogbo rẹ̀ pọ̀, oògùn, ìrìn, bàlúwẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, 35 nínú 100 ló ṣubú láàárín ọdún kan. Nínú àwọn tí wọn ò ṣe é fún, 47. Kò parẹ́ pátápátá. Àmọ́ ẹni méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún, ìyá ẹnì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

6. Ojú

Bí dígí inú ẹyinjú wọn bá ti di funfun bàìbàì, èyí tí dókítà ń pè ní kátáráàtì, ẹ má fi iṣẹ́ abẹ náà falẹ̀. Ní Nottingham ní England, àwọn obìnrin tó ti kọjá 70 tí wọ́n tètè ṣe ojú àkọ́kọ́ fún ṣubú kéré ní 34 nínú 100 sí àwọn tí wọ́n ní kó ṣì dúró. Awò ojú onípele méjì, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún ìwé kíkà, dára fún Bíbélì tàbí Kùránì, àmọ́ ó ń jẹ́ kí àtẹ̀gùn rí bàìbàì. Kí wọ́n bọ́ ọ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀.

7. Ilé

Ẹ rin ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìtọ̀ lóru, kí ẹ̀yin náà pa iná. Mo ṣe é, mo sì fi àtàǹpàkò gbá ìdí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Iná sólà kékeré tó ń dá tàn lọ́wọ́ alẹ́ ò wọ́n mọ́. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan sẹ́nu ọ̀nà bàlúwẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba. Bí ilé ìtọ̀ bá wà níta, tàbí tó bá jẹ́ ṣáláńgá, ẹ ra póò fún wọn, kí ẹ sì máa dà á nù láràárọ̀ láì fajú ro, nítorí ìfajúro yẹn ló ń mú kí wọ́n jáde sínú òkùnkùn.

Ní bàlúwẹ̀, pèpéle ilẹ̀ onítáìlì tó ń dán yẹn, ọ̀tá àgbà ni, pàápàá tí ọṣẹ bá ti kàn án. Ẹ tẹ́ rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú. Ẹ ní kí wẹ́dà jó irin ìdìmú fún yín, kí bíríkìlà sì rì í mọ́ ògiri dáadáa, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ṣaláńgá tàbí àwo ìgbẹ́, ọ̀kan níbi ìwẹ̀. Irin ìfàwọ̀sí tówẹ̀lì kò lè gbé èèyàn. Bó bá já lọ́wọ́ wọn, ó burú ju kó má sí lọ. Kí wọ́n máa jókòó wẹ̀ lórí àga oníke tó wúwo.

Sálúbàtà tó ti jẹ gbẹ̀yìn, ẹ jù ú nù lójú wọn. Bàtà tó dára ni èyí tó bo gìgísẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ tí kì í sì yọ̀. Ìró tó ń wọ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí wọ́n máa ró o dé ọrùn ẹsẹ̀. Wáyà, ẹní tó ká, ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ kó wọn.

8. Oúnjẹ

Ẹ̀kọ láàárọ̀, àmàlà àti ewédú lọ́sàn-án, tíì lálẹ́. Irú oúnjẹ tí a ń fún àgbà nìyẹn, ẹran ìdajì ìka sì ni wọ́n máa ń bù fún ọmọ-ọmọ. Ẹran ara itan kì í ti ẹ̀kọ wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ gbà ní 2013 ni pé kí àgbà máa jẹ gíráàmù 1.0 sí 1.2 èròjà tó ń mú ara dàgbà, ìyẹn purotéènì, fún kílò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀n. Ẹni 60 kílò, 60 sí 72 nìyẹn. Ẹyin kan kò ju bíi 6 lọ. Nítorí náà ẹ pín in sí oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́ja mọ́ ẹ̀kọ, wàrà sínú ewédú, ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa, ẹyin lálẹ́. Bí eyín ò bá sí mọ́, ẹ lọ ẹran sínú ọbẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú, dókítà ni kó sọ iye tirẹ̀. Ẹ má sì ra fítámì D ìwọ̀n ńlá, èyí tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, fún wọn nítorí eegun: ní Ọsirélíà, ìwádìí 2010 fi hàn pé àwọn obìnrin tó ń gbé 500,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka fítámì) mì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ṣubú ju àwọn tí kò lò ó lọ.

9. Ọ̀pá

Ọ̀pá tí bàbá bàbá wọn fi sílẹ̀ lè gùn jù. Kí wọ́n nàró, kí ọwọ́ wọn rọ̀ wálẹ̀: orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ kan ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni kí wọ́n fi mú un. Kí rọ́bà wà nídìí rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rọ́bà náà.

10. Bó bá ṣẹlẹ̀

Ẹ má sáré fà wọ́n dìde. Ẹ jókòó tì wọ́n lórí ilẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ibi tó ń dùn wọ́n. Bí ẹsẹ̀ kan bá ti kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì yí síta, tí wọn ò lè gbé ara lé e, ó jọ pé eegun ìbàdí ti kán. Ẹ má fi òrí ra á, ẹ má fà á, ẹ má gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ wọn lórí apá àti ojúgun, àmọ́ ìbàdí àgbà, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gbà, bó bá sì ṣe tètè tó ló ṣe dára tó. Bí wọ́n bá forí gbálẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú agbárí àgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó wá di orí fífọ́, oorun àsùnjù, àti ọ̀rọ̀ tí kò bára mu.

Bí kò bá sí èyí tó ṣe wọ́n nínú wọn, kí wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara sókè, kí wọ́n dorí ọwọ́ àti orúnkún, kí wọ́n rákò dé ìdí àga tó le, kí wọ́n gbé ọwọ́ lé e, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó lágbára jù síwájú, kí wọ́n ti ara sókè, kí wọ́n yí ìdí sórí àga. Ẹ fi dánra wò lórí ẹní lọ́jọ́ tí kò sí wàhálà. Ẹ so fóònù kékeré mọ́ wọn lọ́rùn, kí nọ́ńbà aládùúgbò tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lórí bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Ní Ìbàdàn, ọsibítù UCH ní ibùdó tó wà fún àwọn àgbà nìkan, èyí tí wọ́n ṣí ní 2012 tí wọ́n sì fi orúkọ Tony Anenih sọ. Bí ẹ bá wà nítòsí, ẹ kó ìwé ìṣubú, àpò oògùn àti nọ́ńbà ìdánwò yín lọ síbẹ̀.

Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tún ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìdìde màmá mi lórí àga, òdo ni mo kọ, wọ́n sì bínú sí mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, 5. Mo ti mú báírò pé kí n kọ ọ́, wọ́n ní kí n dúró, pé àwọn ò tíì jẹun ni, kí n jẹ́ káwọn tún un ṣe lọ́sàn-án.